Ìyá Àgbà Inú Kọ̀ǹpútà

Eyín ló pa ìyá mi. Tí ẹ bá bi àwọn ará àdúgbò wa, àtọ̀gbẹ ni wọ́n máa sọ fún yín, wọ́n á sì fi kún un ní ohùn jẹ́jẹ́ pé Warsini ọmọ rẹ̀ kò ní ẹ̀kọ́ ilé bíi tirẹ̀. Èmi ni Warsini. Àtọ̀gbẹ wà níbẹ̀ lóòótọ́, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àtọ̀gbẹ ló mú ẹ̀rọ dání lọ́jọ́ yẹn.

Tiwi ló mú un dání. Prastiwi ni orúkọ rẹ̀ gan-an, ọmọ Pak Suroto, Bàbá Suroto, olórí àdúgbò wa ní ìsàlẹ̀ Semarang ní erékùṣù Jáfà, níbi tí omi òkun ti máa ń wọlé wá bá èèyàn láìkan ilẹ̀kùn. Ilé wọn ló kọjú sí tiwa. Nígbà tí Tiwi wà lọ́mọ ọwọ́, ìyá mi ló ń wẹ̀ ẹ́, torí ẹ̀rù ń ba Bu Narti, ìyá rẹ̀, kí ọmọ má yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ òun. Mbah Lasiyem, ìyá àgbà Lasiyem, ni gbogbo ayé ń pe ìyá mi. Èmi, Bulik ni Tiwi ń pè mí, bí ẹni ń pe àbúrò ìyá rẹ̀. Tempe ni mò ń ṣe tà: mo máa ń se ẹ̀wà sóyà, mo máa ń we é sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ títí á fi dì. Ìyá mi ló máa ń bá mi we é. Kò sẹ́ni tó lè ká ewé bíi tirẹ̀.

Ọdún tí Tiwi wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn oníṣègùn eyín ni wọ́n kó àwọn ẹ̀rọ tuntun dé ibẹ̀. Mo ti fojú ara mi rí wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ á jókòó, á wo inú gíláàsì dúdú kan, ẹnu èèyàn á yọ sí i, tòun ti ahọ́n tòun ti itọ́. Á mú nǹkan kan tó dà bíi bíró dání. Kò sí eyín kankan níwájú rẹ̀, afẹ́fẹ́ lásán ni. Ṣùgbọ́n tó bá ti bíró yẹn síwájú, ọwọ́ rẹ̀ á kan eyín: ibi tó le á le, ibi tó ti jẹrà á rọ̀ bí iṣu tó ti bàjẹ́. Tó bá wá gbẹ́ ẹ jù, tó fẹ́ dé ibi tí ẹ̀mí wà nínú eyín, ẹ̀rọ á ké, iná pupa á tàn, akẹ́kọ̀ọ́ á yára gbé ọwọ́ kúrò. Tó bá bà á jẹ́ pátápátá, kò burú, á tẹ bọ́tìnnì kan, eyín á padà sí bó ṣe wà.

Tiwi ló ta gbogbo wọn yọ nídìí ẹ̀rọ yìí. Iná pupa kì í tàn fún un. Wọ́n tẹ fọ́tò rẹ̀ sára aṣọ gbàgàdà kan, wọ́n fi kọ́ ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ wọn, Pak Suroto náà sì tẹ tirẹ̀, ó fi kọ́ ẹnu ọ̀nà àdúgbò wa. Ó tóbi ju ti olóṣèlú lọ. Fún ìgbà pípẹ́, abẹ́ eyín Tiwi la máa ń gbà lọ sílé. Inú gbogbo wa dùn, inú tèmi náà dùn. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Gbogbo eyín tí Tiwi ti gbẹ́, kò sí ọ̀kan tó ní olówó nínú wọn.

Nígbà tó wá kan àwọn eyín tó ní olówó, wàhálà dé. Lọ́dọ̀ wa níbí, ilé-ẹ̀kọ́ kì í wá aláìsàn fún akẹ́kọ̀ọ́. Ìwọ lo máa wá tìrẹ. Kì í sì í ṣe aláìsàn ṣáá. O gbọ́dọ̀ rí ẹni tí wọ́n máa yọ eyín fún, o gbọ́dọ̀ rí arúgbó tí eyín rẹ̀ ti ká tán, o gbọ́dọ̀ rí ihò tí kò ju báyìí lọ, tí kò sì kéré ju báyìí lọ. Bí ọmọ tó gbówọ́ jù lágbègbè wa ṣe wá di ẹni tó ń fi tọ́ọ̀ṣì kékeré yẹnu àwọn èèyàn wò nìyẹn.

"Ẹ pa ẹnu dé o, Tiwi ti dé!" Kang Parman tó ń ta kọfí ló máa ń pariwo bẹ́ẹ̀.

"Kang Parman, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yanu, ẹ jẹ́ n wò ó."

"Kí n yanu kẹ̀? Ìyàwó mi gan-an ò rí inú ẹnu mi rí."

"Kò yà mí lẹ́nu. Òórùn ibẹ̀ ni ò jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ yín."

Àwọn ọkùnrin tó wà níbẹ̀ á fọwọ́ gbá tábìlì, kọfí á sì máa dànù. Báyìí ló ṣe rí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wá. Kang Parman fúnra rẹ̀ yanu nígbẹ̀yìn, wọ́n yọ méjì.

Ihò kan ṣoṣo ló wá kù ú kù. Eyín ẹ̀yìn tó ti ń jẹrà lókè, ṣùgbọ́n tí kò tíì dé inú. Ẹ ò ní gbà gbọ́ pé irú ihò bẹ́ẹ̀ lè wọ́n nílùú tí kálukú ti ń fi tíì aládùn fọ ẹnu. Tí wọ́n bá ní ihò, ó ti jìn jù. Tí kò bá jìn, olówó rẹ̀ á sá. Ọ̀kan gbà, ó dọjọ́ tí wọ́n máa lọ, ó pa fóònù. Ẹni tí kò bá sì tíì parí iṣẹ́ rẹ̀ kò ní jókòó ṣe ìdánwò ìkẹyìn pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀, ńṣe ló máa dúró de àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Tiwi rù. Bu Narti wá ń sunkún sí mi létí nígbà tí mò ń ta tempe fún un. Ìyá mi ń ká ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Tiwi ń kọjá, ìyá mi pè é.

"Ọmọ mi, wá wo tèmi."

"Mbah, ẹ̀yin? Ṣé ó ń dùn yín ni?"

"Kò dùn mí. Ó kàn máa ń há oúnjẹ mọ́ ni."

Tiwi tan tọ́ọ̀ṣì sí i lẹ́nu. Igbe tó ké, ẹ ó rò pé wúrà ló rí níbẹ̀. "Bulik! Òun gan-an ni! Òun gan-an ni mò ń wá!"

"Ṣé eyín ìyá mi tó jẹrà lò ń yọ̀ lé lórí báyìí?" mo bi í.

"Jẹ́ ó yọ̀," ìyá mi dáhùn. "Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti yọ̀ nítorí ẹnu mi."

Tiwi bi í bó ṣe yẹ kó bi í: ṣé wọn ò ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣé wọn ò ní àtọ̀gbẹ? Ìyá mi ní ara òun le. Òótọ́ ló rò pé òun ń sọ. A ò yẹ̀ ẹ́ wò rí, ni kò fi sí.

Èmi ni mo mú un lọ. Wọn kì í jẹ́ kí alábàárìn wọlé, nítorí náà ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí. Dókítà Hanung, olùkọ́ wọn, wá wo ẹnu ìyá mi, ó sì ń bá Tiwi sọ̀rọ̀ bó ṣe ń jáde lọ sídìí ẹlòmíràn. Etí mi báyìí ló gbọ́ ọ: "Ihò yìí ò jìn. Má fún wọn lábẹ́rẹ́ apàrora. Tó o bá ti fẹ́ débi tí ẹ̀mí wà, àwọn fúnra wọn á sọ fún ẹ. Kó o pè mí kíákíá." Èèyàn dáadáa ni Dókítà Hanung, ọmọ Jáfà bíi tiwa ni. Àmọ́ ó pẹ́ ní Japan. Mo rò pé ó ti gbàgbé irú èèyàn tí ìyá tó bí i jẹ́.

Ẹ gbọ́, lọ́dọ̀ tiwa, àgbà kì í sọ pé ó ń dun òun. Mi ò sọ pé gbogbo wọn, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n tọ́ dáadáa. Ìṣó gún ìyá mi lẹ́sẹ̀ nígbà kan tí omi kún inú ilé, àlejò wà níjókòó, ó jókòó tì í títí àlejò fi mu tíì tán, tó tún bu òmíràn. Ìgbà tí àlejò lọ ni a tó rí i pé omi ti pupa. Níbòmíràn, mo gbọ́ pé wọ́n máa ń sọ pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Níbí, ẹni tó bá dákẹ́ la fi ń ṣe àpẹẹrẹ fún ọmọ. Àwa náà ti ń ṣe é, a ti jogún rẹ̀, orí ń fọ́ wa, à ń rẹ́rìn-ín.

Ìyá mi jáde, ó di báàgì rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Òógùn wà ní etí irun rẹ̀.

"Ṣé ó dùn yín?" mo bi í.

"Kò sí nǹkan. Ọwọ́ ọmọ yẹn fúyẹ́."

Tiwi jáde tẹ̀ lé e, ó ń fò bí ẹni tí ilẹ̀ ń jó lẹ́sẹ̀. Dókítà Hanung ti wá wò ó nígbà tó parí, ó ní ihò náà mọ́ tónítóní, pé ó yẹ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá wò ó kó tó dí i. Tiwi kúnlẹ̀ níwájú ìyá mi nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, ó gbé ọwọ́ ìyá mi lé iwájú orí ara rẹ̀ bí a ṣe ń kí àgbà. Ìyá mi fọwọ́ pa á lórí. Kò bá mi sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ títí a fi délé, mo rò pé oorun ló ń kùn ún.

Lẹ́yìn ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Ó ti máa ń gba ti ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ tẹ́lẹ̀, ìyẹn kì í ṣe tuntun. Ṣùgbọ́n ó tún ń fi ọjọ́ mìíràn kún un. Mo bi í, ó ní nítorí ìdánwò Tiwi ni, òun ń fi bẹ Ọlọ́run fún un. Àwọn àgbà wa máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tó bá fẹ́ jókòó ìdánwò. Orí mi wú, kí n má parọ́. Mo sọ fún Bu Narti, òun náà sunkún ayọ̀, ó gbé àwo oúnjẹ wá tí ìyá mi máa fi ṣínu. Ìyá mi kì í fọwọ́ kan oúnjẹ yẹn. Tíì aládùn ló máa ń mu, á ní ikùn òun ti kún. Ó ń wé gèlè rẹ̀ wálẹ̀ gan-an nígbà yẹn, ó bo ẹ̀rẹ̀kẹ́. Yàrá kan náà la jọ ń sùn, mi ò rí i.

Ìgbà tó ń ṣe àlùwàlá láàárọ̀ ọjọ́ kan ni mo wọlé bá a láìrò tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀ ti wú, ó ń dán.

"Kí lèyí?"

"Rọra sọ̀rọ̀."

"Mbok, ìyá mi, kí ni mò ń wò yìí? Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ sí ilé ìwòsàn."

"Tí wọ́n bá ti ṣe ìdánwò tán."

"Ìdánwò ta ni?"

"Warsini, má pariwo, wọ́n á gbọ́ ní òdìkejì."

"Kí wọ́n gbọ́!"

"Tí mo bá lọ, wọ́n á bi mí pé ta ló fọwọ́ kan eyín yìí. Kí ni kí n wí? Kí n parọ́ ni? Tí mo bá sọ òótọ́, wọ́n á fagi lé iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ó ti rù tó. Ó kù díẹ̀."

"Ṣé ẹnu Tiwi ni àbí ẹnu yín?"

"Ó ti ń lọ sílẹ̀. Ó sàn ju ti àná lọ. Wò ó." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín fún mi kí n lè rí i pé ó sàn, ẹnu kò ṣí.

Ó yẹ kí n gbé e sí èjìká kí n máa lọ. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá mi ló ń bá mi sọ̀rọ̀, ó wo ojú mi, ó ní kí n má ṣe dójú ti òun. Mo lọ ra oògùn ní kíóòsì, ó gbé e mì pẹ̀lú ìnira. Nígbà tó yá, kò lè gbé itọ́ ara rẹ̀ mì mọ́. Ọrùn rẹ̀ wú, ó le bí igi. Omi òkun wọlé láàárọ̀ yẹn, Kang Parman ló pọ̀n ọ́n kọjá, omi dé orúnkún rẹ̀. Ìyá mi ń fọwọ́ tọ́ ọ léjìká léraléra. Mo rò pé ó ń bẹ̀ ẹ́ kó má bínú pé òun wúwo.

Dókítà ilé ìwòsàn náà kéré lọ́jọ́ orí, inú ń bí i. Ó bi mí ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀, mo sọ fún un, ó wò mí bí ẹni tó ń wo ẹran. Ó ní ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ga kọjá ààlà. Ó ní ọyún ti kúrò nínú eyín, ó ti sọ̀kalẹ̀ sí ọrùn, ó ti ń dí ọ̀nà èémí. Wọ́n la ọrùn rẹ̀. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ó kú. Ọ̀sẹ̀ kan náà ni Tiwi ṣe ìdánwò tirẹ̀, ó sì yege.

Níbi ìsìnkú, Tiwi ló sunkún jù. Ó ṣubú, àwọn obìnrin ń fẹ́ ẹ, wọ́n ń fún un lómi. Pak Suroto sọ̀rọ̀ níwájú gbogbo èèyàn pé àtọ̀gbẹ ló mú Mbah Lasiyem lọ, pé kálukú kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ wò. Gbogbo wọn mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé ní Surabaya fẹ́ lọ fẹjọ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà sùn. Èmi ni mo dá a dúró. Èmi náà ni mo di Tiwi mú tí mo ń sọ fún un pé, "Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ. Wọn ò sọ fún ẹ ni. Èmi tí mò ń bá wọn sùn nínú yàrá kan náà, mi ò mọ̀, báwo nìwọ ṣe máa mọ̀?" Mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi, mo sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá ṣíjú wo ilé Tiwi lọ́nà tí kò dáa. Mo sọ ọ́ títí ó fi di òótọ́ lẹ́nu mi.

Ó lé lọ́dún kan kí Dókítà Hanung tó wá sílé wa. Ó gbé páálí àkàrà òyìnbó wá, ó jókòó sórí ẹní bí ọmọ tó gbẹ́kọ̀ọ́. Ó ní ikú Mbah kò kúrò lọ́kàn àwọn. Ó ní ẹ̀rọ àwọn ní àléébù kan: ó máa ń ké, èèyàn kì í sì í ké. Ó ti mọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lára láti máa dúró de igbe. Nítorí náà, àwọn ti ṣe aláìsàn tuntun sínú kọ̀ǹpútà, ìyá àgbà kan tí kì í sọ pé ó ń dun òun. Tiwi, tó ti di olùkọ́ kékeré nínú yàrá ẹ̀rọ yẹn, ló bá wọn ṣe é. Wọn ò lo orúkọ ìyá mi. Ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ kí n wá wò ó kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ́ni, kí n sì sọ bó bá tẹ́ mi lọ́rùn.

Mo sunkún. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rò pé nǹkan rere kan ti jáde nínú ikú ìyá mi.

Bu Narti bá mi lọ, ó wọ aṣọ ìjáde. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti tò sídìí ẹ̀rọ, ojú kọ̀ǹpútà ńlá kan sì wà lára ògiri tí gbogbo wa lè máa wò. Ìyá àgbà náà jókòó sórí àga eyín. Kì í ṣe ojú ìyá mi, ṣùgbọ́n wọ́n dì í nírun bíi tirẹ̀, wọ́n ró ìró aláwọ̀ ilẹ̀ fún un, wọ́n wọ̀ ọ́ ní sálúbàtà. Ọmọkùnrin gíga kan ló kọ́kọ́ jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́.

"Mbah, ṣé ó ń dùn yín?"

"Kò sí nǹkan, ọmọ mi," ìyá àgbà náà dáhùn. "Máa ṣe é lọ."

"Ẹ wò ó, Bu Warsini," Dókítà Hanung ń fọwọ́ hàn mí. "A ti yọ igbe kúrò. Iná pupa ò sí. Ara wọn ni akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ máa wò. Ẹ wo ẹsẹ̀ wọn."

Mo wo ẹsẹ̀ náà. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì gun orí ìka tó tẹ̀ lé e, ó sì mú un pinpin. Mo wo ọwọ́. Ọwọ́ ọ̀tún ń ká etí ìró rẹ̀ díẹ̀ díẹ̀, ó ń ká a, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó tún ń ká a, bí ẹni ń we tempe. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń wo ibì kan lókè àjà, kò ṣẹ́jú.

Ọmọkùnrin yẹn kò rí nǹkan kan. Ó gbẹ́ ẹ dé ibẹ̀, ó kọjá ibẹ̀. Gbogbo ojú kọ̀ǹpútà ṣú, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé aláìsàn ti kú. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "O ti pa Mbah!" Ó fọwọ́ ha orí, ó tẹ bọ́tìnnì. Ìyá àgbà náà padà wá, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó yanu fún un.

Èmi ò kúrò níbi ẹsẹ̀ yẹn. Mo mọ àtàǹpàkò yẹn. Bó ṣe ṣe é nìyẹn lọ́jọ́ tí ìṣó gún un, bó ṣe ṣe é nìyẹn lọ́jọ́ tí wọ́n mú òkú bàbá mi wọlé. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Mi ò sí nínú yàrá náà lọ́jọ́ eyín. Dókítà Hanung pàápàá kò sí níbẹ̀ àfìgbà tí iṣẹ́ parí.

"Dókítà," mo ní, "ta ló sọ fún yín nípa ẹsẹ̀ yẹn?"

"Tiwi ni!" Inú rẹ̀ ń dùn. "Gbogbo ẹ̀ ló rántí, Bu. Ẹsẹ̀, ọwọ́, ojú, bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn. Òun ló ń tọ́ àwọn tó ń ya àwòrán sọ́nà. Tí kì í bá ṣe òun, a kì bá mọ ohun tó yẹ kí ọmọ wò."

Mo wá Tiwi kiri yàrá náà. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wáyà kóra jọ sí. Ó ti mọ̀ pé mo ti mọ̀.

"Tiwi."

"Bulik."

"O rí i."

"Bulik, ẹ jẹ́ ká bọ́ síta."

"O rí ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn."

"Mo bi wọ́n, Bulik." Ó di wáyà kan mú. "Mo gbé ọwọ́ kúrò, mo bi wọ́n pé ṣé ó ń dùn yín, wọ́n ní rárá. Mo tún bi wọ́n. Àgbà ni wọ́n. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún àgbà pé irọ́ ló ń pa?"

"Kí lo wá rò pé ẹsẹ̀ ń ṣe? Ó ń jó?"

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti gbé ojú sílẹ̀, gbogbo wọn ń wo bàtà ara wọn.

"Mo mọ̀," Tiwi sọ ọ́ jẹ́jẹ́ débi tí mo fi ní láti sún mọ́ ọn. "Mo mọ̀ pé mo ti sún mọ́ ibi tí ẹ̀mí wà, Bulik. Tí mo bá pe Dókítà, wọ́n á gba eyín náà lọ́wọ́ mi. Kò sí ihò mìíràn níbì kankan. Mo ní kí n ṣáà tètè parí rẹ̀, kó má baà pẹ́ lára wọn."

Mo ti rò pé mo mọ ohun tí ìbínú jẹ́. Mi ò mọ̀ ọ́n. Odindi ọdún kan ni mo fi ń gbèjà ọmọ yìí. Mo bá ẹ̀gbọ́n mi jà nítorí rẹ̀, a ò tíì bá ara wa sọ̀rọ̀ dòní. Ìyá mi rọra ń kú lọ nínú yàrá mi kí ìdánwò rẹ̀ má baà bàjẹ́, ó ń fi ebi pa ara rẹ̀, ó ń pè é ní ààwẹ̀, Tiwi sì ti rí i láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ń kọjá níwájú ilé wa láràárọ̀, ó ń kí wa. Kò yà wọlé lẹ́ẹ̀kan kó ní, "Mbah, ẹ jẹ́ n wo ẹnu yín."

"Bu Warsini, ẹ jókòó," Dókítà Hanung ní. "Ó ti rẹ̀ yín. Ẹ bá wa gbé tíì wá o."

"Mi ò mu tíì!" Mo pariwo. Nínú yàrá yẹn, níwájú gbogbo wọn, mo pariwo débi tí ọmọkùnrin gíga yẹn fi jábọ́ lórí àga. "Ọmọ yìí rí i! Ó rí i pé ó ń dùn ún, ó sì gbẹ́ ẹ! Kì í ṣe pé ìyá mi fi pa mọ́ fún un. Ó rí i! Ẹ kọ ìyẹn sínú kọ̀ǹpútà yín!"

Bu Narti ti di apá mi mú. Èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára. Ojú rẹ̀ pọ́n, kì í ṣe ẹkún, ìtìjú ni. Ó ń bẹ Dókítà Hanung, ó ń tẹríba fún un léraléra, ó ń bẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ọmọ rẹ̀ ń kọ́. Tiwi ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín wáyà.

"Warsini, ojú tì mí fún ẹ," Bu Narti ń sọ ọ́ sí mi létí, ó ń fà mí lọ sí ẹnu ọ̀nà. "Níwájú àwọn èèyàn! Níwájú olùkọ́ àwọn ọmọ! Ìyá ẹ ò jẹ́ ṣe irú èyí láéláé."

"Òótọ́ lẹ sọ, Bu Narti," mo ní. "Kò jẹ́ ṣe é láéláé. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi bá mi sin ín."